Fèrè wo ni Ṣùgà ń gbọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 57 ni mí, Peterborough nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń gbé. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ tán, mo gba ajá kan níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ajá tí olówó wọn kọ̀ sílẹ̀. Ṣùgà là ń pè é. Jack Russell tó dà pọ̀ mọ́ beagle ni, ọmọ ọdún mẹ́ta. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí a ti ń kọ́ agility, eré ìdíje tí ajá ti ń fo igi tí wọ́n gbé dábùú, tó ń wọ ihò gígùn, tó sì ń gun afárá, tí olówó rẹ̀ á máa sáré tọ́ ọ sọ́nà. Lọ́sẹ̀ kan, á ṣe gbogbo rẹ̀ láìkù síbì kan. Lọ́sẹ̀ kejì, á fo igi méjì, á gbé imú sílẹ̀, ó di inú koríko. Tàbí kó máa sáré yí pápá po bí ẹni tí nǹkan gùn, tí gbogbo èèyàn á máa rẹ́rìn-ín. Nígbà ìdíje wa àkọ́kọ́, ó fi mí sílẹ̀ láàárín eré, ó kọrí sí ọkọ̀ àwọn tó ń ta bọ́gà. Ọkọ mi ní ajá tó máa sọ nù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, pé kí n jókòó jẹ́ẹ́. Àmọ́ mo fẹ́ràn eré náà, ó sì dà bíi pé òun náà fẹ́ràn rẹ̀. Ṣé èèyàn lè gbádùn agility pẹ̀lú ajá tí kò ṣeé fọwọ́ sọ̀yà lé lórí?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìtọ́jú Ṣùgà. Kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn: bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ lè gbádùn rẹ̀, láti ọ̀sẹ̀ yìí lọ, láìdúró de ọjọ́ tí Ṣùgà máa pé tán. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní agility nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, àwọn ajá tí mo rántí jù, tí inú mi ṣì ń dùn bí wọ́n bá wá sí mi lọ́kàn, ajá bíi ti yín ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí òwe tí ọkọ yín pa. Bàbá ìyá mi jẹ́ ọdẹ lágbègbè Ṣakí, mo sì gbé lọ́dọ̀ wọn fún ìgbà díẹ̀ ní kékeré. Ohun tí òwe yẹn kò sọ, tí mo fojú ara mi rí, ni pé bàbá kì í fọn fèrè lásán. Bí wọ́n bá pa ẹran, tí wọ́n ń tú u, wọ́n á fọn ọ́n. Ajá tó bá kọ́kọ́ dé ló máa jẹ ìfun tó ṣì ń gbóná. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, wọ́n á fọn ọ́n, wọ́n á fọwọ́ pa ajá lórí, kí wọ́n tó jọ mú ọ̀nà ilé pọ̀n. N kò rí ọjọ́ kan tí wọ́n fọn fèrè pe ajá kí wọ́n lè nà án. Etí àwọn ajá wọn ò dáa ju ti Ṣùgà lọ. Ohun tí fèrè ń mú bọ̀ fún wọn ni wọ́n ń sáré wá bá. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ẹ pa ìbéèrè "kí ló ṣe ajá yìí?" tì, kí ẹ máa bi ara yín ní méjì mìíràn: lórí pápá yẹn, kí ni Ṣùgà ń gbọ́ tó dùn ju ohùn mi lọ? Kí sì ni ohùn mi máa ń mú bọ̀ fún un?

Àmọ́ kí ẹ tó wádìí ọkàn rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yẹ ara rẹ̀ wò. Mo ní cocker spaniel kan nígbà kan, Bíńtín lorúkọ rẹ̀. Ọdún méjì ló fi ń fo igi tí ọ̀pá kì í já bọ́. Lójijì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yà fún igi. Á sáré débẹ̀, á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, á wá máa gbóòórùn ilẹ̀ kiri. Mo pè é ní agídí. Oṣù kan gbáko ni mo fi ń tún ẹ̀kọ́ kọ́ ọ, tí mò ń gbé ohùn sókè sí i. Àgbà olùkọ́ kan ló sọ fún mi pé kí n wo bó ṣe ń dìde lórí ibùsùn rẹ̀ láàárọ̀. Mo wò ó. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lápá òsì, á kọ́kọ́ nà án sẹ́yìn pẹ̀lẹ́, á dúró díẹ̀, kó tó fi tẹ ilẹ̀. Nígbà tí dókítà ẹran tẹ inú itan rẹ̀, kò ké, kò gbó. Ó kàn yí orí padà, ó lá ètè. Iṣan tó so itan mọ́ ìbàdí ló ti fà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló fi sinmi, orí okùn nìkan la fi ń mú un rìn. Nígbà tó padà sí pápá, kò yà fún igi mọ́. Títí dòní ló ń dùn mí pé mo fi oṣù kan jágbe mọ́ ajá tí ara ń ro.

Ajá máa ń fi ìrora pa mọ́. Bí ìwà kan bá jẹ́ tuntun, bí Ṣùgà bá ń yà fún igi nígbà tó bá fẹ́ yí sí apá kan ṣoṣo, bí kò bá fẹ́ fo wọ inú ọkọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà kí ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ olùkọ́. Ẹ sì fọwọ́ pa ìhà rẹ̀: ó yẹ kí ẹ lè ka egungun ìhà lábẹ́ awọ láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ajá tó sanra jù ń fo pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn.

Bí ara rẹ̀ bá dá ṣáṣá, ẹ wo ẹ̀jẹ̀ tó wà lára rẹ̀. Àlùfáà kan ní Devon, John Russell, tí àwọn èèyàn ń pè ní Jack, ló bẹ̀rẹ̀ ìran Jack Russell ní ọ̀rúndún 19, nítorí ó ń wá ajá kékeré tó láyà láti wọ ihò lọ lé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ jáde. Beagle ní tirẹ̀, imú ló fi ń ṣiṣẹ́. Wọ́n dìídì sìn ín kó lè máa tọ òórùn ehoro lọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìbojú wẹ̀yìn wo ẹni tó ń tẹ̀ lé e. Border collie tí ẹ ń rí tó ń gba ife níbi gbogbo, ajá darandaran ni: iṣẹ́ tí wọ́n sìn ín fún ni kó máa wo olówó rẹ̀ látòkèèrè, kó sì ṣe ohun tó bá wí. Ohun tó ń gba òórùn nínú imú ajá ju 200 mílíọ̀nù lọ. Tiwa kò ju bíi mílíọ̀nù 5 tàbí 6. Bí Ṣùgà bá gbé imú sílẹ̀ lórí koríko tí ehoro kọjá lórí rẹ̀ lóru, iṣẹ́ ìdílé rẹ̀ ló ń ṣe. Mo sì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ búra pé ó fẹ́ràn tunnel, ihò gígùn tí ajá ń gbà kọjá lórí pápá, ju gbogbo nǹkan yòókù lọ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a máa lò ó láìpẹ́.

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Mo ti gbọ́ "èèyàn ò lè mọ ohun tó máa ṣe" lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn, àmọ́ lára àwọn tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọ nǹkan sílẹ̀ fún mi, n kò tíì rí èyí tí ìwà ajá rẹ̀ kò ní ètò. Kí ẹ tó ṣe eré, ẹ kọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí, irú ilẹ̀ tó wà níbẹ̀, iye wákàtí tí Ṣùgà fi jókòó nínú ọkọ̀, ìgbà tó jẹun, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú méjì tó ṣáájú eré. Ìṣẹ́jú méjì yẹn ṣe pàtàkì ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Obìnrin kan wà ní kíláàsì mi tí ajá rẹ̀ máa ń ṣe dáadáa ní Wednesday, tó máa ń ya wèrè ní Sunday. Ọ̀sẹ̀ kẹrin ni ìwé tú àṣírí náà. Pápá koríko ni ti Wednesday. Ti Sunday, abẹ́ òrùlé tí wọ́n ti ń gun ẹṣin ni, bí ọ̀pọ̀ kíláàsì ṣe máa ń ṣe nígbà òtútù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Yanrìn ibẹ̀ kún fún ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ẹṣin, àwọn ajá sì fẹ́ràn ìgbẹ́ ẹṣin bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn súìtì. Láti ìgbà náà, ó máa ń dé ibẹ̀ ní ogún ìṣẹ́jú ṣáájú, á mú ajá rìn yí ká lórí okùn gígùn, á jẹ́ kó gbóòórùn tẹ́rùn. Sunday rọ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń kọ ọ́, ẹ má kàn kọ "ó sá lọ". Oríṣi mẹ́ta ló wà nínú ohun tí ẹ ṣàlàyé, oògùn wọn ò sì jọra.

Àkọ́kọ́ ni gbígbóòórùn. Bó bá ń lọ tààrà sí ojú kan, tí ìrù dúró ṣánṣán, tí kò gbọ́ ohunkóhun mọ́, òórùn gidi ló rí. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní "rárá", tàbí ẹ dúró lójijì, tí imú bá wá ń lọ síwá sẹ́yìn láìsí ohun tó ń wá, ọkàn rẹ̀ ni kò balẹ̀. Ẹ ti rí ọmọ tí wọ́n ń bá wí, tó wá ń fi èékánná ha etí tábìlì. Ohun kan náà ni. Ìbáwí yín ló ń sá fún. Èkejì ni sísáré yí pápá po. Ara tó gbóná jù ló máa ń fà á, tàbí ẹ̀rù tó ń wá ọ̀nà jáde. Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín rò pé ayọ̀ ni, ó sì lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, àmọ́ ẹ wo ojú rẹ̀: bí etí bá lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, tí funfun ojú ń hàn, kò gbádùn rẹ̀ rárá. Ẹ má lé e. Ẹ má pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ẹ yí ẹ̀yìn padà, ẹ máa rìn lọ jẹ́ẹ́ sí ẹnu ọ̀nà, ẹ lóṣòó síbẹ̀. Bó bá dé, kò sí ìbínú, ẹ so okùn mọ́ ọn, eré yẹn parí.

Ẹ̀kẹta, tí ẹ kò dárúkọ, àmọ́ tó máa tó dé bó bá ti ń yára sí i, ni kí ajá dúró kó máa gbó mọ́ yín, kó sì máa fò lé yín. Ẹ̀bi yín nìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ pẹ́ kí ẹ tó sọ ibi tó máa gbà fún un.

Ajá ò gbọ́ Yorùbá, kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èjìká àti ẹsẹ̀ wa ló ń kà. Mo rí i lọ́sẹ̀ tó kọjá nínú kíláàsì mi: igi kan wà, tunnel wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀gbẹ́ni kan ń kígbe "tunnel! tunnel!" Ajá fo igi. Ó pariwo sí i. Mo ní kó dúró níbi tó wà, kó má mira, kó wo bàtà rẹ̀. Imú bàtà méjèèjì kọjú sí igi. Ajá rẹ̀ ti ṣe ohun tí bàtà wí. A tún un ṣe, ó yí ẹsẹ̀ sí tunnel, kò sọ ọ̀rọ̀ kankan, ajá wọlé fììì. Ẹ ní kí ẹnì kan fi fóònù ká yín sílẹ̀, kí ẹ wá pa ohùn rẹ̀, kí ẹ máa wo ẹsẹ̀ ara yín nìkan. Ẹ máa rí i pé lọ́pọ̀ ìgbà tí Ṣùgà "ṣe tinú rẹ̀", ohun tí ara yín sọ ló ṣe. Ẹ rántí pé kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kúrò nílẹ̀ láti fo igi kan ló yẹ kó ti mọ èyí tó tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá dúró dìgbà tó balẹ̀, ẹ ti pẹ́, ó ti ń wá iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Bí àṣìṣe bá sì ṣẹlẹ̀, ẹ máa sáré lọ. Ẹ má dúró, ẹ má mí kanlẹ̀, ẹ má dá a padà. Ajá tó ń tọ́ ìdúró yín wò bí ẹni tó ń wo ojú ọ̀gá kò ní pẹ́ wá ibi tó dùn ju ọ̀dọ̀ yín lọ.

Ó wá ku fèrè. Mo ń sọ fèrè gidi, irú èyí tí àwọn ọdẹ àti darandaran ibí ń lò, tí kò ju pọ́ùn díẹ̀ lọ, fún ìdánrawò. Orúkọ Ṣùgà ti gbó. Ẹ ti fi pè é wá wẹ̀, ẹ ti fi pè é wá gé èékánná, ẹ ti fi pariwo mọ́ ọn. Fèrè kò ní àbààwọ́n. Ẹ bẹ̀rẹ̀ nínú kíṣìnnì. Ẹ fọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ fún un ní adìẹ márùn-ún tí ẹ gé wẹ́wẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ má kó o fún un lẹ́ẹ̀kan náà. Ó yẹ kó gbà pé tẹ̀lé-n-tẹ̀lé ni fèrè ń sanwó. Lẹ́yìn náà, ẹ dá a sílẹ̀ kó padà síbi tó ti wá. Ìdásílẹ̀ yẹn ṣe kókó, nítorí bí pípè bá ti túmọ̀ sí pé ìgbádùn parí, kò sí ajá ọlọ́gbọ́n tó máa dáhùn. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́fà lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá kí ẹ tó gbé e dé àgbàlá, kó tó di òpópónà, kó tó di pápá. Lórí pápá, okùn gígùn kọ́kọ́ wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ má fọn fèrè nígbà tí ẹ bá mọ̀ pé kò ní wá. Ẹ rìn lọ mú un.

Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí bọ́gà yẹn fi lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́. Ó jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó pàdánù lẹ́ẹ̀ogún, ó tún padà lọ, nítorí kò mọ èyí tó máa jẹ. Ajá tó rí ègé ànàmọ́ díndín kan nínú koríko lóṣù tó kọjá á máa yẹ gbogbo koríko wò títí di ìparí ọdún. Ohun tó ń jẹ́ kí ìwà Ṣùgà máa yí padà bí ojú ọjọ́ nìyẹn: ilẹ̀ ń san owó fún un láìròtẹ́lẹ̀, ẹ̀yin náà sì ń sanwó nígbà tó bá wù yín. Ilẹ̀, ẹ ò lè ṣàkóso rẹ̀. Owó tiyín, ẹ san án lójú ẹsẹ̀, kó sì tóbi.

Òórùn fúnra rẹ̀ lè di owó. Ẹ rántí bí wọ́n ṣe tọ́ wa: òkèlè tán kí ọwọ́ tó kan ẹran. Kò sẹ́ni tó gba ẹran lọ́wọ́ wa. Wọ́n kàn fi í sẹ́yìn. Kí Ṣùgà fo igi méjì, kó wo ojú yín, kí ẹ ní "lọ gbóòórùn!", kí ẹ sì fọwọ́ juwọ́ sí koríko. Ẹ jẹ́ kó gbóòórùn fún ogún ìṣẹ́jú àáyá, kí ẹ dúró tì í bíi pé ohun tó ń kà níbẹ̀ wu ẹ̀yin náà. Nígbà tó bá gbé orí sókè fúnra rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ eré. Tunnel tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn náà, ìgbẹ̀yìn ni kí ẹ máa fi í sí: igi, igi, tunnel. Ìran rẹ̀ fẹ́ wọ ihò. Ẹ jẹ́ kí ihò jẹ́ èrè iṣẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, igi yóò máa dùn nítorí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Lórí oúnjẹ, mo mọ ilé wa, nítorí náà mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ẹ má gbé ẹran láti inú ọbẹ̀ fún un, ẹ má fi sùyà dá a lọ́lá. Àlùbọ́sà, tútù tàbí sísè, ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, ááyù náà bẹ́ẹ̀. Èso àjàrà gbígbẹ, ṣokoléètì àti súìtì tí wọ́n fi xylitol, àfidípò ṣúgà, ṣe léwu fún un gan-an. Adìẹ tí ẹ bọ̀ nínú omi lásán, láìsí iyọ̀, láìsí Maggi, tí ẹ gé tó èékánná ọmọ ọwọ́, ó tó.

Gbogbo ìdánrawò kan kò gbọ́dọ̀ ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, kí ọ̀pá tó ń fò má sì ga ju bíi 20 sẹ̀ǹtímítà lọ, nígbà tí ẹ bá ń tún nǹkan kọ́. Bó bá ń yà fún afárá gíga láìnídìí, ẹ wo jangílọ́fà, pákó tó ń lọ sókè sódò bí ajá bá gùn ún. Pákó yẹn máa ń lulẹ̀ gbàà lábẹ́ ajá; ẹ̀rù á bà á, kò sì ní mọ ìyàtọ̀ láàárín pákó tó ń mì àti afárá tí kò mì títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi wà lórí rẹ̀. Ẹ fi tìmùtìmù sábẹ́ ẹnu jangílọ́fà kó má lè ré bọ́ ju ìka méjì lọ, kí ẹ san adìẹ fún un bó bá ti gbọ́ ìró, lẹ́yìn náà kí ẹ máa fa tìmùtìmù yẹn kúrò díẹ̀díẹ̀.

Ní ti ìdíje, ohun kan wà tí ó dà bíi pé kò sẹ́ni tó sọ fún yín. Nínú ìdíje Kennel Club, ẹgbẹ́ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ajá nílẹ̀ yìí, ẹ lè sọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ pé NFC (Not For Competition) ni ẹ fẹ́ ṣe, ìyẹn ni pé ẹ ò bá ẹnikẹ́ni du ipò. Ẹ óò mú ohun ìṣeré dání wọ pápá, ẹ óò sì fi ṣe ẹ̀kọ́, níwájú adájọ́, láàárín ariwo àti òórùn gbogbo. Oúnjẹ nìkan ni kò gbọ́dọ̀ wọlé. Ẹ fo igi mẹ́ta, ẹ bá a fa ohun ìṣeré, ẹ sá jáde pẹ̀lú ayọ̀, kó tó rántí ọkọ̀ bọ́gà. Ó sàn kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́wàá ju kí ẹ máa gbìyànjú ogún ohun ìfò, kí ó sì máa kọ́ nígbà gbogbo pé ibi tí èèyàn ti ń sá lọ ni pápá ìdíje. Àdàlù ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dí i lọ́wọ́. Wọ́n ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ tí gbogbo irú ajá lè wọ̀ fún eré yìí.

Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín ńkọ́? Ọdún 1978 ni agility kọ́kọ́ yọjú, ní Crufts, ìfihàn ajá ńlá kan, nígbà tí wọ́n ṣì ń ṣe ìfihàn náà ní gbọ̀ngàn Olympia ní London. John Varley tó wà nínú ìgbìmọ̀ ń wá ohun tí wọ́n lè fi dá àwọn èrò lára yá láàárín ètò kan sí èkejì. Ó ké sí Peter Meanwell tó mọ ajá kọ́, wọ́n wo bí ẹṣin ṣe ń fo igi, wọ́n sì ṣe irú rẹ̀ fún ajá. Ìyẹn ni pé láti dá èèyàn lára yá ni wọ́n ṣe bí eré yìí. Ọdún 1980 ni Kennel Club tó gbà á wọlé gẹ́gẹ́ bí ìdíje tó ní òfin. Ní Crufts 2017, Jack Russell kan tó ń jẹ́ Olly, ajá tí wọ́n gbà sílé bíi ti Ṣùgà, forí gúnlẹ̀ níbi tó ti ń fo igi, ó dìde, ó sì sáré gba gbogbo ibi tó wù ú. Lọ́dún 2020, Kratu, ajá ńlá tó wá láti Romania, wọ tunnel, ó sì kọ̀ láti jáde nígbà tó yẹ. Àwọn èrò pàtẹ́wọ́ títí. Mo wo àwọn eré méjèèjì, ohun tí mo rí ni ajá tí kò bẹ̀rù ẹni tó mú un wá. Kò sí ife tó lè fún olówó ajá ní irú rẹ̀. Bí Ṣùgà bá ń sáré tí àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, tí ojú rẹ̀ sì ń tàn, ẹ bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa jẹ́ kí n ní kí ẹ dúró. Bó bá jẹ́ pé ohun tí ẹ ò lè sọ tẹ́lẹ̀ ni bóyá ó máa bu ajá mìíràn tàbí èèyàn jẹ, ẹ kúrò ní kíláàsì, ẹ gba olùkọ́ tó mọ ìwà ajá sílé. Òfin ajá eléwu ti 1991 níbí mú gbogbo ajá, ìran yòówù kó jẹ́, tó bá kọjá àkóso tó sì kó ẹ̀rù bá èèyàn. Ohun tí ẹ kọ kò jọ bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ háyà pápá tí wọ́n ṣe ọgbà yí ká fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lópin ọ̀sẹ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló ń yá a lò ní wákàtí-wákàtí ní àyíká yín. Igi méjì, tunnel kan. Ẹ mú bàbá, ọkọ yín, dání. Kí wọ́n dúró níbi tí tunnel ti tú sóde, kí abọ́ adìẹ wà lọ́wọ́ wọn, kí fèrè wà lẹ́nu wọn, kí wọ́n sì fọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan bí Ṣùgà bá ti yọ orí. Ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé yẹn, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi.